Ọjọ́ Ìsinmi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í gba àga gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni: àga tìmùtìmù ló ń tún ṣe, ó ń ṣí aṣọ wọn, ó ń pààrọ̀ fóòmù inú wọn, ó sì ń bò wọ́n padà. Bí oníbàárà bá gbé àga wá, tó ní aṣọ òkè nìkan ló gbó, pé inú rẹ̀ ṣì dára, ẹ̀gbọ́n mi á wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń purọ́ mọ́ òkú. Á fa ìṣó yọ, á ya aṣọ, á ki ọwọ́ bọ inú. Ó ti bá àjákù páálí nínú àga àwọn olówó rí, ó ti bá àkísà, ó ti bá koríko gbígbẹ. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n bò dáadáa tí òun kì í fura sí.

Èmi ni àbúrò rẹ̀. Rédíò àti sípíkà ni mo ń tún ṣe. Ògiri kan ló pààlà láàárín ìsọ̀ mi àti tirẹ̀, ògiri náà sì fẹ́lẹ́ débi pé bó bá sín níbẹ̀, èmi ni mo máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́ níbí. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tí etí mi ò gbọ́, ó wù mí o, kò wù mí o.

Àdúgbò ń pè é ní Màmá Ó-Tì. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí o bá ní kó fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó yẹ kó kàn ní ìṣó, ó tì. Bí o bá ní kó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná, kó fi elẹ́sẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó irin jọ, ó tì. Ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì gbé e wọ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó búra pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ohun tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀ náà, ẹyọ kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù: òfin ọjọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìsọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́, gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ló gbọ́dọ̀ tì pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ṣiṣẹ́. Páálí ńláńlá ló ń gbé sórí pẹpẹ tó ga ju ilé mìíràn lọ. Kí òfin náà tó dé, ọkùnrin yìí ò ní ọjọ́ kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Á jáde kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, á wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, á jẹun lórí ìdúró, á sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi ní àìmọye ìgbà bí ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ ṣe rí. Àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wo ara wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bá ara wọn sọ, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ́kọ," ni ó máa ń wí, ojú rẹ̀ á sì tutù bí ojú ọmọge. Ẹ jẹ́ kó yé yín báyìí: òfin yẹn kì í ṣe ìwé lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ ni.

Inú rédíò kan tí mo ṣí sórí tábìlì ni ìròyìn náà ti wá. Àwọn oníléeṣẹ́ ń fẹ́ kí gbogbo ọjọ́ ìsinmi di ọjọ́ iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú kejì sì wà lẹ́yìn wọn. Aṣojú wa, ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí òun tìkára rẹ̀ ti gbé àwòrán rẹ̀ kiri láti ojúlé dé ojúlé, dìde nílé aṣòfin, ó sì dìbò fún àárín méjì: kí ohun gbogbo tì láàárọ̀, kó ṣí lọ́sàn-án, kí wọ́n má sì fipá mú òṣìṣẹ́ kankan, àfi ẹni tó bá wù. Èyí ló sì di òfin. Wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan báyìí dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é díẹ̀díẹ̀."

Mo gbọ́ tí òòlù jábọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ ọkùnrin náà ti yí padà ládùúgbò. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán.

Láti ìgbà náà ni ìfura ti wọ ẹ̀gbọ́n mi lára. Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ kejì ló ń fura sí o. Ó ní àwọn yẹn ò bo ara wọn, ohun tó wà nínú wọn hàn síta. Ti inú ẹgbẹ́ ló ń bà á lẹ́rù, àwọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sọ́tùn-ún, tó ń rẹ́rìn-ín sósì. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé," ó wí bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ó mú ìwé ìròyìn kan wá bá mi, àwòrán Díẹ̀díẹ̀ àti olórí ẹgbẹ́ kejì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Ó gba awò tí mo fi ń wo wáyà tín-ín-rín lọ́wọ́ mi.

"Wo eyín," ó ní. "Ka eyín yẹn fún mi. Èèyàn kì í ṣí eyín tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kàn pàdé lórí àtẹ̀gùn. Àwọn yìí ti jọ jẹun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ẹnì kan ló dápàárá."

"Ta ló dá a? Nípa ta ni? Nípa wa ni!"

Bí Díẹ̀díẹ̀ bá kọjá tí kò kí i, ó ní ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú. Bó bá kọjá tó kí i, ó ní ó ń wá ojúure. Bó bá wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń bẹ̀rù. Bó bá dá wá, ó fẹ́ ká rò pé òun ò ní ohun tí òun ń fi pamọ́. Ọkùnrin náà ì bá kú, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ní ká ṣí pósí wò.

Ó sì dá wá lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí kò lọ̀, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ gbọ́ ọ ni, ògiri nìkan ò tó mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, ìṣó wà níbẹ̀."

Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Kò kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó ni. Díẹ̀díẹ̀ dúró láàárín àwọn fóòmù tí wọ́n fà yọ.

"Màmá, wọ́n pọ̀ jù wá lọ nílé aṣòfin. Ká ní mo dúró gbọin, gbogbo ọjọ́ náà ni wọn ì bá kó lọ pátápátá. Mo gba àárọ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìyẹ wí."

"Ṣé a rán yín pé kẹ́ ẹ lọ pín in ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń gé. "A ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ ni. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́lé, tó bá olè pín in, tó wá délé tó ní ká máa dúpẹ́ pé pálọ̀ ṣì kù, kí lẹ fẹ́ ká pè é?"

"Wọn ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú òfin. Àfi ẹni tó bá wù."

"Ẹni tó bá wù!" Ẹ̀gbọ́n mi fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Orí ta ló pé tó máa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé páálí lọ́jọ́ ìsinmi? Bí ọ̀gá bá ní 'ẹni tó bá wù', ojú ló máa fi sọ ìyókù, òṣìṣẹ́ á sì wá. Ẹ dárúkọ ẹnì kan. Ẹnì kan ṣoṣo tó wù."

Díẹ̀díẹ̀ ya ẹnu. Ó wò mí níbi tí mo dúró sí, ó wo ilẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá," ni ó wí. Ó kí wa, ó lọ.

"Ṣó o rí i?" ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Kò rí ẹnì kan dárúkọ. Irọ́ ni látòkè délẹ̀."

Èmi náà fura, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àmọ́ ojú òpùrọ́ kọ́ ni mo rí lójú ọkùnrin yẹn. Òpùrọ́ ì bá ti dá orúkọ kan sílẹ̀ kíá.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Fèrè nítorí ohùn rẹ̀. Fèrè kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń pariwo ni. "Kò sí díẹ̀díẹ̀! Kò sí ọ̀sán, kò sí ìrọ̀lẹ́! Gbogbo ọjọ́ wa ni wọ́n máa dá padà!" Nígbà tó gbé sípíkà rẹ̀ tó bàjẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, mo bi í léèrè.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n tún pọ̀ jù yín lọ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè. "Màá pariwo."

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn gan-an là ń wá. Mo ti wo inú Fèrè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju èyí tó wà níta lọ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn.

Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Ìgbà wo làwọn èèyàn tún ráyè? Tẹ́lẹ̀, ìpàdé kì í pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti polongo ìbò fún Díẹ̀díẹ̀ ni ìpàdé ti ń bí ìpàdé, ọ̀rọ̀ yìí sì tún wá pa kún un. Ti gbogbo ẹgbẹ́ láàárọ̀, ti àwọn obìnrin lọ́sàn-án, ìbẹ̀wò láti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́ láti mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Bí mo bá ń kọjá, màá rí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ó ti po tíì sí ife méjì, ó fi àwo kékeré bo ọ̀kan.

"Ṣé wọ́n ti ń tú ká?" á bi mí.

"Wọn ò tíì parí, ẹ̀gbọ́n."

"Kò burú." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà gbogbo. N kò gbọ́ kí ọkùnrin yẹn pariwo rí, àfi ìgbà tí páálí fẹ́ já lé ẹnì kan lórí.

Àṣà kan wà ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn tí n kò rí níbòmíràn. Bí wọn ò bá fọkàn tán aṣojú wọn mọ́, wọn kì í bú u, wọn kì í dìbò sínú àpótí. Àga ni wọ́n máa ń yí. Alága á ní kí olúkúlùkù ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì sú á dìde, á yí àga rẹ̀, á kẹ̀yìn sí pèpéle, á jókòó padà. Bí àga tó kẹ̀yìn bá ju èyí tó kọjú lọ, aṣojú náà ò ní gbé àpótí lórúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Ẹni tó bá sì ti yí àga, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí alága á fi pa ìpàdé dé. Bó bá bojú wẹ̀yìn, wọn ò ní ka àga rẹ̀ mọ́ àwọn tó kẹ̀yìn. Àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú bẹ àwọn.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun ni wọ́n pe ìpàdé náà sí. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan o, èmi ni mo ń bójú tó makirofóònù wọn, torí ó máa ń hu bí ajá bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án. Ara ògiri ẹ̀yìn ni ihò iná wà, nítorí náà ẹ̀yìn ni èmi àti sípíkà ńlá kan máa ń wà, a dojú kọ ẹ̀yìn orí gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìlà tó kángun sí mi. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ pé òun ò ní pẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣókí. Ó tún àlàyé rẹ̀ ṣe, kò bú ẹnikẹ́ni. Bó ti dé ibi "ẹni tó bá wù", ẹ̀gbọ́n mi fò dìde.

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan!"

Gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ dárúkọ! Ẹ dárúkọ!" Ohùn Fèrè ló ga jù. Díẹ̀díẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Mo ń retí pé kó sọ nǹkan. Ó kàn mi orí, ó jókòó.

Alága ní kí olúkúlùkù ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ yí àga. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ àga lórí simẹ́ǹtì láti ìlà dé ìlà, ariwo tó ń mú eyín kan, àwọn ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sí mi, ojú èèyàn tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n ń wò. Kò tiẹ̀ nílò kíkà. Wọ́n ti yọ Díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú mi, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ṣí, tí Jẹ́jẹ́ wọlé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, aṣọ aláwọ̀ eérú ti ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ó sì mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ nípàdé rí. Alága bi í bóyá ó ní nǹkan sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé makirofóònù fún un, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé mo ní láti yí i sókè.

"Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò ní pẹ́, wọ́n ń dúró dè mí níbi iṣẹ́."

Inú sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ohùn náà ti jáde, ó sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo gbọ́ ariwo láti ìta. Ẹ ní kí aṣojú dárúkọ ẹnì kan tó wù. Èmi ni. Èmi ni mo lọ bá aṣojú ní ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó dìbò. Mo ní bí wọ́n bá máa ṣí i lọ́sàn-án, màá lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ìyàwó mi, pé èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Mi ò sì rí àyè sọ ọ́. Bó bá fi máa délé, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹnì kan ké láti àárín gbọ̀ngàn, "Ọjọ́ ìsinmi ńkọ́? Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ó dáa gan-an nígbà tá a jọ wà nílé." Mo gbọ́ mímí rẹ̀ nínú sípíkà. "Ní báyìí, èmi nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀. Níbi iṣẹ́, ẹnì kan á ní kí n gbé ìdí páálí, kí òun gbé orí ẹ̀. Ẹnì kan á bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọkùnrin yìí."

Ó fi makirofóònù lé tábìlì. Ó ń hu, mo sì yára pa á. Díẹ̀díẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Àwọn tó ti yí àga ń wò mí, àwọn mìíràn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Àṣà ni àṣà.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn sí mi. Ojú rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló rán an?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Díẹ̀díẹ̀ ló rán an wá, àbí?"

Inú bí mi sí i, n kò ní parọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó rán an."

Ó ń wò mí. Ó wo ojú mi bó ṣe máa ń wo àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ó wá a títí, kò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí, mo rí i tó dá a dúró.

"Ṣó ṣì wà níbẹ̀?" ó bi mí.

Mo wo ọ̀ọ́kán lórí gbogbo àwọn orí yẹn, dé ibi ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle.

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́," ni mo wí.